Efinrin Tó Hù Níbi Àlùwàlá

Ẹni tó bá ní efinrin kò ṣòro gbìn, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti gbìn ín nínú ọyẹ́ rí. Lásìkò òjò, kò sí wàhálà kankan nínú rẹ̀. Ẹ ó gbo orí rẹ̀ tó ti gbẹ lọ́wọ́, ẹ ó fọ́n ọn sílẹ̀, ẹ ó sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi tó wà nílé yìí máa ń já a lẹ́yìn kúlé bí ẹni ń já koríko, wọ́n á já èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n á ju ìyókù sílẹ̀. Bí mo bá pariwo lé wọn lórí, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọdún kan wà tí efinrin tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ dá wàhálà sílẹ̀ ní agbo ilé wa ní Ìkàrẹ́, tí àwọn ọkùnrin ilé ń kí ara wọn láìwo ojú ara wọn. N ó sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ẹ má sì bínú bí mo bá ń pe àwọn àgbà ní "ó". Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn, kì í ṣe àfojúdi.

Ìsàlẹ̀ òkè ni agbo ilé wa wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n kọ́ yí àgbàlá ká, débi pé bí ẹnì kan bá húkọ́ lápá ìhín, ẹni tó wà lápá ọ̀hún á kí i pẹ̀lẹ́. Ohùn Bàbá Àlùfáà ló máa ń jí mi. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun ló ń kọ́ gbogbo wa ní kéú lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun náà ló sì ń pe àwọn ọkùnrin ilé sí ìrun àsùbáà. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni n ó gbọ́ omi. Olúkúlùkù ọkùnrin á gbé akèrègbè rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí wọ́n to òkúta sí, wọ́n á máa fi omi yọ ẹnu, wọ́n á máa fun imú, wọ́n á máa da omi sí ẹsẹ̀. Kẹ́tù idẹ tí wọ́n rà wá láti Bídà ni Bàbá Àlùfáà ń lò ní tirẹ̀, ọmọdé kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá kírun tán, ìgbálẹ̀ kàn, tó jẹ́ ti àwa ọmọbìnrin. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀, odò. Lẹ́yìn odò, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ odó. Iyán ni oúnjẹ ilé wa. Ìyá Ọ̀kà máa ń sọ pé ẹni tí kò bá jẹ iyán lóòjọ́ kàn pa ẹnu rẹ̀ lára lásán ni.

Ìyá Ọ̀kà ló bí Bàbá Àlùfáà, tó sì bí bàbá mi tẹ̀ lé e. Láti Ọ̀kà lórí òkè ni wọ́n ti gbé e wá fún bàbá àgbà wa nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. Ó gbé Ìkàrẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun báláú, síbẹ̀ Ìyá Ọ̀kà náà ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Bí ó bá ń bú ọ, ara rẹ̀ yá nìyẹn. Bí ó bá ń kí ọ jẹ́jẹ́, nǹkan ń ṣe é. Ilé ìyá mi ló ti ń jẹun, nítorí pé ìyá mi ni ìyàwó tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àìsàn kan gba gbogbo Àkókó, ikọ́ àti ibà tó ń gbé alágbára ṣánlẹ̀. Nígbà tí òjò fi máa dáwọ́ dúró, ó ti mú àwọn tó máa mú lọ. Ọjà ò kún mọ́, àwọn oko kan wà tí ẹnikẹ́ni ò dé, bẹ́ẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ òyìnbó ò yé wá kó àwọn ọkùnrin lọ síbi ọ̀nà tí wọ́n ń là. Àìsàn yìí gbé Ìyá Ọ̀kà náà, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo wa yọ̀. Àṣé ó mú ohun kan lọ lára rẹ̀. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ rárá. Ìyá mi se ẹ̀gúsí, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e sẹ́yìn. Ó se ilá, bákan náà. Ó fi ẹja gbígbẹ àti irú se ọbẹ̀ tó jẹ́ pé àwa ọmọdé ń lá ètè lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Ọ̀kà ní eérú ni. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ ìyàwó ni kò dùn, wọ́n ní kí wọ́n gba ìyá lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pa á. Ìyá mi gbọ́, mo sì rí i tó ń nu ojú níbi ààrò, tó sì ń sọ pé èéfín ni. Ìyá Ọ̀kà ń rù lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá gbé e jókòó, ògiri ló ń dì mú. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: bí kò bá rí nǹkan jẹ kí ọyẹ́ tó lọ, a ó sin ín.

Ní ọjọ́ kan, ó pe ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Ó ní, "Ìyàwó, kì í ṣe ọbẹ̀ rẹ ni kò dùn. Ẹnu mi ló kú. Bí mo bá rí efinrin wẹ́wẹ́ ilé wa, bóyá á jí."

Efinrin ńlá kò wọ́n ní Ìkàrẹ́, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi ti fi í se ọbẹ̀, Ìyá Ọ̀kà sì ti ní kó gbé e fún ewúrẹ́. Èyí tó ń wá ni oníwẹ́wẹ́, tí ewé rẹ̀ kò ju èékánná lọ, tí òórùn rẹ̀ ń ta bí ata. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé irúgbìn rẹ̀ wá láti Ọ̀kà nígbà tó wọlé ọkọ, kò sì tán lẹ́yìn ààrò rẹ̀ látìgbà náà. Ọdún àìsàn yẹn ni kò sẹ́ni tó ráyè dá ewúrẹ́ dúró, wọ́n sì jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò. Ìyá mi bá di ẹrù díẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, ó di Ọ̀kà. Ọyẹ́ ọjọ́ náà mú débi pé ètè mi sán, ìyá mi sì fi òrí pa á lójú ọ̀nà. A kọjá lára àwọn ọkùnrin tó ń fọ́ òkúta sójú títì tuntun, eruku bo wọn láti orí dé ẹsẹ̀, mo rò pé arúgbó ni gbogbo wọn. Òkè Ọ̀kà kò ṣe é gùn fún ọmọdé. Mo jókòó, mo dìde, mo sunkún, ìyá mi ní kí n sunkún kí n sì máa rìn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ìyá Ọ̀kà ló gbà wá lálejò, ìyá arúgbó kan tí kò léyìn mọ́. Kò sí ewé tútù lẹ́yìn kúlé rẹ̀, ọyẹ́ ti pa gbogbo rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sókè àjà ààrò, ó já ìdì efinrin gbígbẹ kan tí èéfín ti sọ di dúdú, ó gbo orí rẹ̀ sínú àkísà, ó sì dì í fún ìyá mi. Kò tó ẹ̀kún ìkarahun ìgbín kan. Ó ní òun ò ní òmíràn mọ́ títí òjò á fi rọ̀, pé kí ìyá mi má fi erùpẹ̀ bò ó, nítorí irúgbìn tí kò bá rí oòrùn nínú wọn kì í jí. Ó tún ní kí ilẹ̀ má gbẹ lábẹ́ rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, títí yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá mi dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti dúpẹ́. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tún rí i mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló fọ́n ìdajì rẹ̀ sí. Ó fi ọwọ́ tú ilẹ̀, ó po irúgbìn mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó lè ká, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lókè nítorí adìẹ. Odò wa ti fà lọ nígbà náà. A ń jí lọ pọn ọ́n, a ń dúró de omi kó sun, a ń fi igbá bù ú bí ẹni ń bu epo. Ta ni yóò wá gbé irú omi bẹ́ẹ̀ dà sílẹ̀ nítorí ewé? Ìyá mi dà á. Ó pín omi ìwẹ̀ ti ara rẹ̀ fún efinrin. Àmọ́ bó bá dà á láàárọ̀, ọyẹ́ á ti fà á gbẹ kí oòrùn tó dé àtàrí, ilẹ̀ á sì le koránkorán. Èyí tí ọyẹ́ kò pa níbẹ̀, adìẹ ìyálé rẹ̀ kan gba abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ wọlé, ó ha á túká. Ìyálé yìí, ìyàwó Bàbá Àlùfáà, wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ pa adìẹ náà fún un. Ìyá mi ní kó má pa á, pé ẹran adìẹ kọ́ ni ìyá ń wá.

Ìdajì tó kù nínú àkísà ló kù fún Ìyá Ọ̀kà láyé. Bí ó ṣe rí lójú mi nìyẹn, bí ó sì ṣe rí nítòótọ́ nìyẹn. Ìyá mi gbé àkísà náà sáyà, kò fọ́n ọn, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ kì í gbẹ kiri. Ní àárọ̀ kan tí mò ń gbálẹ̀, mo rí i tó dúró sẹ́yìn ògiri, tó ń wo ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń ṣe àlùwàlá. Ọyẹ́ kò rí ibẹ̀ mú. Láti àsùbáà títí di alẹ́, omi kan kì í gbẹ tí òmíràn á fi dé. Omi náà máa ń ṣàn gba àárín òkúta, á rọra wọlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀. Ìyá mi fi àpáàdì ṣe ọgbà kékeré sí ibi tí omi ń wọlẹ̀ sí, kì í ṣe ibi tó ń já sí, kó má baà gbá irúgbìn lọ. Ó fọ́n gbogbo ìyókù síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí i pé irúgbìn kọ̀ọ̀kan ti wọ aṣọ funfun tó ń yọ̀, bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Mo sá lọ sọ fún ìyá mi pé wọ́n ti bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti mu omi yó ni.

Ó hù. Ewé méjì méjì, kékeré débi pé èèrà lè gbé e. Àwọn ọkùnrin kò tètè kíyè sí i, nítorí àsùbáà òkùnkùn ni, ojú oorun sì ni. Bàbá Àlùfáà ló kọ́kọ́ rí i, níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀ fún ìrun àìlà. Ó béèrè ẹni tó gbin nǹkan síbẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní òun ni, pé efinrin ìyá wọn ni.  Bàbá Àlùfáà kì í ṣe ènìyàn líle, ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbé ìyá rẹ̀ lọ síta láti rí oòrùn lójoojúmọ́, òun ló sì ń gé èékánná rẹ̀ fún un. Àmọ́ ohun tó ń kọ́ wa lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójoojúmọ́ ni pé bí mùsùlùmí bá ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń bá omi lọ: èyí tí ojú rí ń bá omi ojú lọ, èyí tí ọwọ́ ṣe ń bá omi ọwọ́ lọ, èyí tí ẹsẹ̀ rìn lọ síbi rẹ̀ ń bá omi ẹsẹ̀ lọ. Ohun tó kọ́ wa yìí, ó gbà á gbọ́ tinútinú.

Ó sọ fún ìyá mi pé, "Ohun tí a fọ̀ kúrò lára wa ni ewé yìí ń mu. Ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ọkùnrin ilé yìí lo fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún ìyá mi?"

Ìyàwó kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jiyàn. Nínú ilé ìdáná ni ìyá mi ti wá sọ tirẹ̀ fún ìyálé rẹ̀, pé àwọn obìnrin náà ló kúkú pọn omi, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé ẹ̀ṣẹ̀ mélòó ni wọ́n rù wá láti odò. Ìyálé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ̀n ilé mú. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ tòun kò lè hu efinrin, pé ata ni yóò hù. Àmọ́ kò sọ ọ́ sókè o. Ní ti àwa ọmọdé, ẹ̀rù ọ̀ràn náà bà wá, ó sì dùn mọ́ wa. A máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, a ń wo inú omi bóyá a ó rí ẹ̀ṣẹ̀ kan tó ń kọjá. A pín efinrin náà fún àwọn bàbá wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó sanra jù, a ní ti bàbá kan tó máa ń bá gbogbo ayé jà nítorí ààlà oko ni, ọmọ rẹ̀ sì sunkún lọ bá ìyá rẹ̀. Tèmi, èyí tí mo fún bàbá mi tín-ín-rín, mo sì ń fi yangàn. Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá níbi ẹ̀rọ omi, ojú mi á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀.

Bàbá mi ló bọ́ sáàárín. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò purọ́, ìyàwó òun kò sì ṣẹ̀, kí ni kóun wá ṣe? Ó dá a lábàá pé kí wọ́n ṣí efinrin náà lọ síbòmíràn. Ìyá mi ní bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án báyìí tí gbòǹgbò rẹ̀ kò ju òwú lọ, ọyẹ́ á pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, a kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá Àlùfáà ní kí ẹnikẹ́ni má fa ohun tó ń hù tu, kí ọwọ́ òun má sí nínú ikú ewé. Ó ní àmọ́ omi tòun kò ní kán sí i mọ́. Ó ní ìyá òun ti sún mọ́ ilé, ẹrù tó máa gbé dé ọ̀hún kò gbọdọ̀ wúwo. Omi ń bẹ lójú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Láti ìrun alásárì ọjọ́ yẹn, ó gbé kẹ́tù rẹ̀ lọ sí ìdí igi ọsàn lápá kejì àgbàlá.

Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe ń rí. Àgbà ilé kì í lọ síbì kan kí àwọn àbúrò máa wò ó. Lọ́jọ́ náà, àwọn méjì tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo akèrègbè ti dé ìdí igi ọsàn. Ẹ̀yìn ògiri dákẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun létí, ó sì sán. Efinrin tó ti yọ ewé mẹ́rin mẹ́rin sorí kọ́. Ọ̀rọ̀ wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: Bàbá Àlùfáà ń wo ìyá rẹ̀ tó ń rù, kò fẹ́ kó kú, kò sì fẹ́ kó jẹ ẹ́. Ìyá Ọ̀kà nínú ilé kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Omi ẹ̀kọ nìkan ló kù tó ń mu, bí ọmọ ọwọ́. Ó ń bi ìyá mi léèrè bóyá efinrin ti tó já, ìyá mi á ní ó kù díẹ̀.

Bàbá mi nìkan ló kù lẹ́yìn ògiri. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí wọ́n bá pe ìrun, á gbé akèrègbè rẹ̀, á kọjá níwájú ìdí igi ọsàn, á kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á lọ sẹ́yìn ògiri. Ẹnì kan bi í pé kí ló dé tó fi dá wà, ó ní ibi tóun ti ń fọ ẹsẹ̀ látìgbà tóun ti gbọ́njú nìyẹn. Àmọ́ omi akèrègbè kan, kódà pẹ̀lú omi ìwẹ̀ tí ìyá mi ń dà kún un, kò lè tó ohun tí omi gbogbo ilé ń tó. Ìyá mi lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà níbẹ̀. Ó fi orúkọ mi pè é, ó ní, "Bàbá Àwáwù, ẹ̀ṣẹ̀ yín ò pọ̀ tó. Ilẹ̀ ń sán."

 Bàbá mi ní, "Jẹ́ kí n dé ọjà lọ́la, n ó lọ dá díẹ̀ kún un."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kò pẹ́ sí i, wọ́n pe bàbá mi síbi ọ̀nà òyìnbó. Gbogbo wa kórìíra iṣẹ́ yẹn, torí kò sówó níbẹ̀, pàṣán sì wà níbẹ̀. Àmọ́ bàbá mi máa ń dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku pupa dé orúnkún, kì í sì lè fọ̀ ọ́ mọ́ bó ṣe yẹ fún ìrun láìlo omi púpọ̀. Ìyá mi ló ń pọn omi náà dè é, ó lọ sódò lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri tún dúdú. Efinrin gbé orí sókè. Ní àárọ̀ kan, kí n tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, òórùn rẹ̀ ti pàdé mi.

Ìyá mi kò já púpọ̀. Orí rẹ̀ ló já, ìwọ̀nba èyí tó lè kún àárín ọwọ́, tí yóò tún fi lè yọ ẹ̀ka. Ó gún iyán rírọ̀ ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a di odó mú. Ó fi ẹja gbígbẹ àti ata díẹ̀ se ọbẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná kó tó rẹ́ efinrin sí i, nítorí iná máa ń lé òórùn rẹ̀ lọ. Òórùn náà gba gbogbo àgbàlá. Àwọn ènìyàn ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. A gbé Ìyá Ọ̀kà jókòó, ìyá mi sì gbé ẹ̀yìn fún un kó fara tì. Imú rẹ̀ ṣí, ó ní, "Hẹn." Ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀.

Bàbá Àlùfáà wọlé báyìí. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wa, ó ní kí ìyá òun jọ̀ọ́, kó dúró díẹ̀, pé òun ò lè wà láyé kóun fi í sínú òkùnkùn. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ibi tí efinrin náà ti hù, omi tó mu, ohun tó wà nínú omi náà. Ìyá Ọ̀kà ń gbọ́, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ń kán sínú àwo. 

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Ìyá Ọ̀kà ní, "Ìgbẹ́ yín ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ yìí kó, n kò kú. Ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ yín wá ni n kò ní lè jẹ?"

Ó gbé òkèlè náà sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́ kó tó gbé e mì. Gbogbo wa ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó bu òmíràn, ó tún gbé e mì. Ó ní ata rẹ̀ kò tó, pé ta ló kọ́ ìyàwó yìí ní ọbẹ̀ sísè, ìyá mi sì bú sẹ́kún lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí Ìyá Ọ̀kà ti bú u.

Ó jẹun dé ìdajì, ó wá gbójú sókè sí Bàbá Àlùfáà tó ṣì kúnlẹ̀. Ó ní, "Tìrẹ dà?"

Bàbá Àlùfáà kò lóye.

"Ìwọ ni mo kọ́ bí. Mo ní tìrẹ dà? Ṣé ó wà nínú rẹ̀?"

Bàbá Àlùfáà ní kò sí níbẹ̀. Ó ní òun ti kúrò níbẹ̀ láti bí ìgbà díẹ̀, pé ìdí igi ọsàn lòun ń lò.

Ìyá Ọ̀kà rọra gbé àwo sílẹ̀. Ó ní, "Ta lo wá gbé ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ fún?"

N kò rí àgbàlagbà ọkùnrin kó sunkún báyẹn rí. Kò pa ariwo, orí rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀. Ìyálé fẹ́ lọ gbá a mú, bàbá mi tí kò lọ síbi ọ̀nà lọ́jọ́ náà fà á sẹ́yìn. Oòrùn ti yẹ̀ nígbà náà, ìrun alásárì ti tó. Bàbá Àlùfáà dìde, ó gbé kẹ́tù idẹ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde. Ìyá Ọ̀kà kò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́. Ó fara ti ìyá mi, ó di ojú, gbogbo wa sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ó pè mí. "Àwáwù, lọ wo ẹ̀yìn ògiri fún mi bóyá ó ti débẹ̀."

Mo sáré lọ. Bàbá Àlùfáà wà lórí òkúta tó máa ń jókòó lé tẹ́lẹ̀, ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ti fọ ojú, ó ti fọ ọwọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń da omi sí. Omi náà yí òkúta po, ó dúró díẹ̀ nídìí àpáàdì bí ẹni tí kò mọ̀nà, ó wá gba àlàfo kan wọlé sídìí efinrin. Mo dúró títí ilẹ̀ fi mu ún tán. Mo sáré padà, mo ní, "Ìyá, ó ti débẹ̀."

Ìyá Ọ̀kà la ojú.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ bu iyán sí i fún mi."